Ẹrù Tó Ju Báàgì Lọ, Tí Kò sì Kún Kọ̀ntẹ́nà

Ẹni tó ń kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ sí òkè òkun mọ ohun tó máa ṣe: á wá kọ̀ntẹ́nà, á pe ejẹ́ǹtì, á sanwó. Ẹni tó ń lọ kí ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà mọ tirẹ̀: báàgì kan ti tó o. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń rúni lójú. Ọmọ Awẹ́ tó ń lọ kàwé ní Manchester, nọ́ọ̀sì ará Fìdítì tó ríṣẹ́ sí Birmingham, tọkọtaya láti Ìlọrà tí ìwé ìgbélùú Kánádà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ẹrù irú wọn kì í ju báàgì mẹ́ta àti páálí díẹ̀ lọ. Kò tó ohun tí à ń gba kọ̀ntẹ́nà fún, bẹ́ẹ̀ ló ti kọjá èyí tí bàálù máa gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò jù, torí kò sẹ́ni tó ń jókòó ṣírò rẹ̀. Àwọn ẹbí á ṣírò owó fìsà, wọ́n á ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ilé ẹ̀kọ́ títí dórí kọ́bọ̀. Ní ti ẹrù, ó di alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ ọ̀la bá máa mọ́ bá wọn lọ́nà pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ yìí kò le báyìí. Nígbà tí ọmọ Awẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọjẹ́túnjí Abọ́yadé, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní 1931, ń kàwé ní Hull àti Cambridge, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń bá lọ sí Britain. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster ló ni àwọn ọkọ̀ tí àwọn àgbà ṣì ń dárúkọ: Accra, Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń lọ láti Èkó sí Liverpool, àpótí onírin tí bàbá rà fún ọmọ sì wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ. Ẹrù àti olẹ́rù jọ ń gbéra ni, wọ́n sì jọ ń gúnlẹ̀. Ní 1972 ni Aureol fi Liverpool sílẹ̀, tó ń lọ sí Southampton. Nígbà tó di 1974, ó pa ọ̀nà yẹn tì. Bàálù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kílò sì ni bàálù ń kà.

Àwọn Yorùbá tún ti mọ ìrìn àjò ẹlẹ́rù kékeré lọ́nà tó korò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa tó ti ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran fi ilé àti ọjà sílẹ̀, ohun tí ọwọ́ lè gbé ni wọ́n gbé wálé. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Ghana tó wà lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ sì ni báàgì onílà mẹ́rin-mẹ́rin yẹn ti gba orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, Ghana-Must-Go. Ọmọ wa tó ń lọ lónìí ní àǹfààní tí àwọn wọ̀nyẹn kò ní. Ó mọ ọjọ́ tó ń lọ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ó yẹ kó lo àkókò náà.

Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń gbéra ní Èkó lọ sí Britain tàbí Amẹ́ríkà ń fún èrò ní báàgì méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kékeré tó máa gbé lọ́wọ́ wọlé. Kì í ṣe kílò nìkan ni wọ́n ń wò: tí ẹ bá ro gígùn, ìbú àti gíga báàgì pọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 158. Báàgì tó bá sì ju kílò 32 lọ, ọ̀pọ̀ bàálù kò ní gbà á rárá, iye owó yòówù kí ẹ gbé sílẹ̀, torí ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e ni wọ́n ń dáàbò bò. Ghana-Must-Go tiwa náà ò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Kò ní egungun, okùn rẹ̀ ń há sínú ẹ̀rọ tó ń wọ́ ẹrù, àwọn bàálù kan sì wà tí wọn kì í gbà á àfi tí ẹ bá kó o sínú páálí.

Tí báàgì méjì ò bá tó, owó báàgì kẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó pe ejẹ́ǹtì kankan. Lórí ayélujára ni kí ẹ ti rà á, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, iye tí wọ́n máa gbà ní káńtà ju ti orí ayélujára lọ. Àwọn èèyàn máa ń sá fún un torí iye náà ń dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ọ̀nà míì tó dà bíi rẹ̀ fún ẹrù tí kò ju báàgì kan tàbí méjì lọ. Ó bá olówó rẹ̀ wọ bàálù, ó bá a kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sì sí ejẹ́ǹtì kankan ní òdìkejì tó máa sọ pé kí ẹ tún wá san nǹkan kan.

Kágò òfurufú ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ bá. Ọ̀dọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì tó ń kó ẹrù gba ṣẹ́ẹ̀dì àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹrù bàálù, SAHCO àti NAHCO, ní Ìkẹjà ni ẹrù náà ń gbà kọjá, owó kílò kan sì lè dùn létí. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìwọ̀n tí wọ́n máa sanwó lé lórí kì í ṣe èyí tí òṣùwọ̀n inú ilé wọn sọ. Bàálù ń ta àyè. Nítorí náà wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti gíga ẹrù ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, wọ́n á fi 6,000 pín in. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà sì ń fi 5,000 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín iye yìí àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni ẹ máa san.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ẹrù méjì wò. Ìyá ọmọ kó ìrọ̀rí méjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sínú báàgì tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 50. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó rí kílò 11, inú rẹ̀ dùn. Ejẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n: 60 lọ́nà 50 lọ́nà 50 jẹ́ 150,000. Tí wọ́n bá fi 6,000 pín in, ó di kílò 25. Tó bá jẹ́ 5,000 ni, ó di 30. Owó kílò 25 tàbí 30 lẹbí máa san lórí ìrọ̀rí tí irú rẹ̀ wà nílé ìtajà tó sún mọ́ ibi tí ọmọ náà máa gbé. Páálí ìwé ni ìkejì, 40 lọ́nà 30 lọ́nà 30. Tí wọ́n bá fi 6,000 pín in, àyè tirẹ̀ kò ju kílò 6 lọ, ṣùgbọ́n ìwé wúwo, òṣùwọ̀n sì sọ pé 22. Kílò 22 náà ni wọ́n máa san. Ẹ kíyè sí i pé ẹrù méjèèjì ló pàdánù, ọ̀kan nítorí pé ó fẹ̀, èkejì nítorí pé ó wúwo. Aṣọ tí a ká dáadáa, bàtà tí a ti ìbọ̀sẹ̀ bọ inú rẹ̀, ìwọ̀nba ohun tó há mọ́ra wọn, ìyẹn ni kágò òfurufú dára fún.

Ìwé, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi gbé e. Níbẹ̀, àyè ni wọ́n ń gbowó rẹ̀, wọn ò ka bó ṣe wúwo sí títí dé ìwọ̀n kan. Kọ̀ntẹ́nà ẹsẹ̀ bàtà 20 gba nǹkan bíi mítà kúbíìkì 33, ìyẹn ni pé kí ẹ fojú inú wo àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, ní ọ̀nà 33. Àwọn ejẹ́ǹtì máa ń kó ẹrù èèyàn púpọ̀ pọ̀ sínú kọ̀ntẹ́nà kan, kálukú á san iye àyè tó gbà. Irú páálí ìwé tí mo sọ yẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ ló máa wọ mítà kan. Olùkọ́ tàbí àlùfáà tó ń kó ìwé rẹ̀ lọ kò ní rí ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ní iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, ó lè jẹ́ ti mítà kan gbáko, ẹni tó ní páálí méjì péré á sì san owó àyè tí kò lò. Ẹ wá ẹlòmíràn tó ń lọ sí ìlú kan náà, kí ẹ jọ pín in.

Wàhálà ọkọ̀ ojú omi ni pé owó tí wọ́n pè ní èbúté Apapa kì í ṣe gbogbo owó. Ní òdìkejì, èbúté á gba tirẹ̀, ẹni tó tú kọ̀ntẹ́nà á gba tirẹ̀, ẹni tó bá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ á gba tirẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e délé á gba tirẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì tí kò kọ gbogbo owó yìí sílẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo, títí dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹrù ń lọ. Tó bá ní òun ò mọ ti òdìkejì, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Ohun kan tún wà tí olẹ́rù kékeré kì í gbọ́ títí ọ̀ràn á fi dé: òfin òkun àtijọ́ sọ pé tí ọkọ̀ bá náwó lórí ewu kan láti gba gbogbo ẹrù là, gbogbo ẹni tó lẹ́rù nínú rẹ̀ ló máa dá owó náà. Nígbà tí ọkọ̀ Ever Given há sí ọ̀nà omi Suez láti ọjọ́ 23 sí 29 oṣù Kẹta ọdún 2021, ohun tí àwọn tó ni ọkọ̀ náà kéde nìyẹn, àwọn olẹ́rù sì ní láti mú onídùúró wá kí wọ́n tó rí ẹrù wọn gbà. Adójútòfò ló ń gbani lọ́wọ́ irú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ san án.

Ọ̀nà kẹrin, èyí tí kò sí ilé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Afìjìó wa tí kò mọ̀ ọ́n: kí ẹni tó ń lọ bá wa gbé e. Mo mọ bó ṣe rọrùn tó, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó wà ní káńtà máa bi èrò bóyá òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù rẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ti di tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kano ní Saudi Arabia nítorí báàgì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí tramadol wà nínú rẹ̀. Òun kọ́ ló ni báàgì náà. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano ló so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti dá sí i. Ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìwọlé yín ní káńtà. Tí ẹ bá mú báàgì méjì wá, méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò báàgì yín lórí òṣùwọ̀n, kí kílò rẹ̀ hàn. Tí ọ̀rẹ́ bá sì bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun gbé nǹkan, kí ó tú u sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín tún un dì. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹrù tó bá sọnù tàbí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ bàálù, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn àjò bàálù tí wọ́n ń pè ní Montreal ló ń darí rẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye tó ga jù tí bàálù lè san fún èrò kan lórí báàgì rẹ̀ jẹ́ 1,519 ní SDR, ẹ̀yọ owó tí wọ́n fi ń ṣírò nínú àdéhùn náà, ìyẹn nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. Láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ gba báàgì tó bàjẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé sùn ún. Ti èyí tó pẹ́ dé jẹ́ ọjọ́ 21. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń sunkún lórí fóònù títí ọjọ́ fi kọjá. Ìwé ni kí ẹ kọ.

Mo wá dé ibi tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń pinnu bóyá ẹrù kékeré máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ kì í ṣe páálí tàbí sẹ̀lótéèpù. Ìwé àkójọ ẹrù ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ wa ń lọ ló ní òfin tó jẹ́ kí ẹni tó ń kó wá gbé kó ohun ìlò rẹ̀ wọlé láìsan owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹni tí kò bèèrè. Ní Britain, fọ́ọ̀mù ToR1 ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìta Britain fún oṣù 12 ó kéré tán, ẹrù náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ti lò ó, fún oṣù 6, ẹ ò sì gbọdọ̀ tà á tàbí yá ẹnikẹ́ni láàárín oṣù 12 tí ẹ bá débẹ̀. Kí ẹrù tó kúrò ní Èkó ni kí ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù náà, kí HMRC, àjọ agbowó orí Britain, lè fún yín ní nọ́ńbà tí ejẹ́ǹtì máa lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè tiwọn fún aṣọ, ìwé àti ohun èlò yàrá. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè European Union bíi Jámánì fara pẹ́ ẹ, oṣù 12 àti oṣù 6 náà ni. Amẹ́ríkà ń lo fọ́ọ̀mù 3299 fún ẹrù tí kò bá olówó rẹ̀ wọ bàálù kan náà, ohun èlò ilé tí ẹ sì ti lò fún ọdún kan kò ní owó orí.

Kánádà ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀lú gan-an, ní pápákọ̀ òfurufú, ni ẹ máa fi àkójọ méjì sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù BSF186: èyí tí ẹ gbé dání, àti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kódà tí ohunkóhun ò bá tíì gbéra nílé, tí ẹ bá rò pé ìyá máa fi agbádá tàbí àwòrán ìgbéyàwó ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí kò bá sí lórí àkójọ ọjọ́ yẹn, tó bá dé lẹ́yìn náà, wọ́n lè gba owó orí rẹ̀ bí ọjà.

Báwo ni àkójọ tó dára ṣe ń rí? Ẹni tó kọ “báàgì kan, aṣọ àti oríṣiríṣi nǹkan” kò kọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí: “Páálí 3. Kọ̀ǹpútà alágbèéká HP kan, nọ́ńbà ìdí rẹ̀ rèé, mo rà á ní 2021, mo ti lò ó, iye tó jẹ́ báyìí rèé. Aṣọ òfì, ìró àti ìborùn, ti ìgbéyàwó, mo ti lò ó. Ìwé ìmọ̀ ìṣègùn mẹ́jọ.” Gbogbo páálí ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì bá ti inú ìwé mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, ọ̀kan nílé lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ má sì lọ ra bàtà tuntun mẹ́fà lọ́jà torí pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ohun tuntun tó ṣì ní lébẹ́ẹ̀lì, tó sì pọ̀ ní irú kan náà, ọjà títà ló jọ lójú kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ní ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé ìyá kan kò lè jẹ́ kí ọmọ lọ lọ́wọ́ òfo. Gààrì, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ tí ẹ bá dì wọ́n dáadáa, tí ẹ sì jẹ́wọ́ wọn lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ fi èlùbọ́ sínú báàgì ńlá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà ti ń yẹ ìyẹ̀fun tó bá ju mílílítà 350 lọ wò lọ́tọ̀ nínú báàgì ọwọ́, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹran ni ewu wà: ṣúyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, gbígbẹ ni o, tútù ni o, Britain àti Amẹ́ríkà kò fẹ́ ẹ. Wàrà tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, Britain náà kò gbà á. Ọsàn Fìdítì, bó ti wù kó dùn tó, kò gbọdọ̀ wọ Amẹ́ríkà. Ní ti ẹ̀wà, oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, torí wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, wọ́n sì ń sún òfin náà síwájú léraléra. Oògùn kan náà ló wà nínú ọ̀tápíápíá tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyẹn kan àwa tó wà nílé ju àwọn tó ń lọ lọ.

Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òfin tirẹ̀. Láti 1979 ni òfin ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé lọ́dọ̀ NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ère ìbejì tó wà nínú yàrá ìyá àgbà wà lára ohun tí òfin náà ń sọ. Kódà ère tuntun tí ẹ rà ní ẹsẹ̀ títì, ẹ gba ìwé pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Ẹ lè bèèrè ní ilé ọnà wọn ní Ìbàdàn tàbí ní Oníkàn. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ kò nílò irú wàhálà yẹn, àyè ló ń jẹ ju kílò lọ, nítorí náà ẹ kó aṣọ sínú rẹ̀.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀? Ìrọ̀rí, ìkòkò, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata, tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni, torí iná fóótì 120 ni tiwọn, tiwa sì wà láàárín 230 sí 240. Ní Britain, iná wọn àti ihò ìkìbọ̀ wọn bá tiwa mu, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta tuntun ní olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Pàwà báǹkì kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì tí ẹ fún bàálù, ọwọ́ ni kí ẹ gbé e, kó má sì ju 100 Wh lọ. Ìwé ìbí, sáàtífíkéètì, ìwé ìgbéyàwó, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo wọn máa wà. Kò sí ejẹ́ǹtì kankan tó yẹ kí ẹ fi wọ́n síkàáwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ní Awẹ́, Fìdítì àti Ìlọrà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, lójúmọmọ, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ìwé àkójọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó kúrò nílé, torí ohun tí wọ́n bá yọ ní káńtà Ìkẹjà kò sẹ́ni tó máa bá yín gbé e padà sí Awẹ́. Tí ẹrù bá ṣẹ́kù lẹ́yìn báàgì kẹta, ẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní aṣọ, ẹ ta ìyókù, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́.